Kí Ẹ Tó Gbé Bẹ́ẹ̀dì Mi Sọ̀kalẹ̀

Ẹ jókòó ná. Bẹ́ẹ̀dì náà ò ní sá lọ. Kọ́lá, gbé sípánà yẹn sílẹ̀. Ìwọ náà, Dáyọ̀, wá àyè lórí àga yẹn, má kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá tó wá mú èèyàn. Mo mọ̀ pé Fólúkẹ́ ọmọ mi ló bẹ̀ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ẹ wá bá òun tú bẹ́ẹ̀dì mi ní yàrá òkè, kí ẹ sì gbé e wá sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Mo mọ̀ pé láti Jonesboro lẹ ti wakọ̀ wá sí Lithonia níbí, ní ọjọ́ Sátidé tó yẹ kí ẹ fi sinmi. Ẹ ṣeun, ẹ kú wàhálà. Oúnjẹ wà, omi wà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì yẹn títí màá fi sọ ohun tó wà lọ́kàn mi tán. Tí mo bá sì sọ ọ́ tán, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án náà.

"Daddy, a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán now."

Ẹ gbọ́ Fólúkẹ́. Ìwọ lo sọ ọ́ tán. Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀. O ní mo yọ̀ lórí àtẹ̀gùn lóṣù tó kọjá. Òótọ́ ni, mo yọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ló fà á, kì í ṣe ọjọ́ orí. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá péré ló wà nínú ilé yìí, ojoojúmọ́ ni mò ń kà á. Mẹ́rìnlá! Ẹni tó bá ń fi àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá halẹ̀ mọ́ mi, kò tíì mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Orí òkè ni wọ́n bí ìyá ìyá mi sí, nígbà tí gbogbo ìlú ṣì wà lórí àpáta lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń mú mi gun òkè náà lọ wo ibi tí ilé bàbá ẹ̀ wà. Kì í sinmi lójú ọ̀nà. Èmi ọmọdé ni mo máa ń mí hẹlẹ. Nítorí náà, nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà láti wá kàwé, tí mo bá ara mi nínú ìlú kan ní Pennsylvania tó jẹ́ pé òkè ni gbogbo ẹ̀, ẹ̀rù ò bà mí rárá. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà fún yín. Wọ́n ti kọ ìwé nípa ìlú náà, wọ́n ti ya fọ́tò ẹ̀ sára káàdì, wọn ò sì kọ orúkọ mi síbì kankan, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé wọn gòkè tí mò ń gbé wọn sọ̀.

"Grandpa, so you were like a bus driver?"

Bọ́ọ̀sì kẹ̀! Tèmi, ọmọ ọmọ mi ni ẹ́, mi ò ní bínú sí ẹ. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí n ṣàlàyé.

Ìsàlẹ̀ ni odò wà. Ẹ̀bá odò ni iléeṣẹ́ irin wà, tí èéfín ń jáde níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé wá wà lókè téńté, ó ga débi pé tó o bá dúró ní ìsàlẹ̀ tó o fẹ́ rí òrùlé wọn, fìlà á já bọ́ lórí ẹ. Ọ̀nà mọ́tò kan wà, ṣùgbọ́n ó lọ yípo yípo kó tó débẹ̀. Ni wọ́n bá tẹ́ irin rélùwéè sára òkè náà tààrà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọkọ̀ méjì ló wà lórí ẹ̀. Okùn wáyà kan tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi ló so àwọn méjèèjì pọ̀, okùn náà á gba orí kẹ̀kẹ́ ńlá kan kọjá nínú ilé ẹ́ńjìnnì tó wà lókè. Tí ọ̀kan bá ń sọ̀kalẹ̀, èkejì á máa gòkè. Wọn á pàdé ara wọn láàárín méjì, wọn á kọjá lára ara wọn. Ẹni tó ń sọ̀ ló ń bá ẹ́ńjìnnì fa ẹni tó ń gòkè. Kì í ṣe òwe ni mò ń pa o, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Incline ni wọ́n ń pè é. Nínú lẹ́tà tí mò ń kọ sílé, ọkọ̀ òkè ni mo máa ń pè é, bàbá mi sì kọ̀wé pa dà pé ṣé ọkọ̀ òfuurufú ni mò ń wà, ó ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò.

Kì í ṣe èmi ni mò ń wà á. Bàbá òyìnbó kan ló ń darí ẹ́ńjìnnì láti ilé òkè, kì í sì í rí wa, agogo wa ló ń gbọ́. Èmi ni kọ́ńdọ́ inú ọkọ̀ kan, èmi ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ló ń lu agogo. Agogo ẹyọ kan: ká lọ. Méjì: dúró. Mẹ́ta: ara ẹnì kan ò yá. Ohun tí mò ń rántí jù ni bí okùn yẹn ṣe máa ń dún. Ó máa ń kùn bí ilé oyin lórí àwọn kẹ̀kẹ́ irin kéékèèké tó ń gba orí wọn kọjá. Láàárọ̀ kùtù, kí èrò tó dé, a máa ń fi gíríìsì kun kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gíríìsì náà ò gbọ́ ọṣẹ. Mo máa ń gbé òórùn ẹ̀ wọ kíláàsì, àwọn ọmọbìnrin á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi náà á sì na ẹsẹ̀ mi dáadáa nínú àyè tí wọ́n fún mi. Nígbà òtútù, a máa ń fi irin ha yìnyín kúrò lójú irin. Ọwọ́ mi á kú. Ẹ ò mọ òtútù ní agbègbè Atlanta níbí. Yìnyín bíńtín já bọ́, wọ́n ti ti ilé ìwé, gbogbo èèyàn ti lọ ra búrẹ́dì tán ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wo ọ̀nà I-20 tí ẹ gbà débí. Ẹni tó wà nínú mọ́tò kejì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín fún wákàtí kan, ẹ ò ní mọ orúkọ ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ìyàwó ẹ̀ bímọ. Tó bá délé, gáréèjì á ṣí, á gbé e mì, ó di ọ̀la. Nínú ọkọ̀ òkè, ojú kojú la máa ń dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́rin lójoojúmọ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn kan náà, kò sí ohun tó o máa fi pa mọ́. Mo mọ ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń kọ́ dùùrù. Mo mọ ẹni tí òun àti àbúrò ẹ̀ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀kan máa ń dúró de ọkọ̀ kejì. Ajá kan tiẹ̀ wà tó máa ń wọ ọkọ̀ fúnra ẹ̀ nírọ̀lẹ́, á jókòó sídìí ẹnu ọ̀nà, á sọ̀kalẹ̀ lọ pàdé olówó ẹ̀ ní ẹnu géètì iléeṣẹ́, àwọn méjèèjì á jọ wọ ọkọ̀ pa dà. Kò sẹ́ni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ajá náà rí.

Ní Kérésìmesì, wọ́n máa ń so gílóòbù aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ọkọ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú á wọ ọ̀kan, tàwọn òyìnbó á wọ èkejì. Nígbà yẹn, wọn kì í jọ jọ́sìn, ẹ mọ ìyẹn. Wọn á máa kọrin, àwọn kan ń gòkè, àwọn kan ń sọ̀. Ní ọdún kan, ọmọ kékeré kan nínú ọkọ̀ mi fa okùn agogo lẹ́ẹ̀mẹta nítorí inú ẹ̀ dùn. Bàbá tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì rò pé ẹnì kan dákú, ló bá dá ọkọ̀ dúró. Ó bọ́ sí déédéé ibi tí ọkọ̀ méjèèjì ti ń kọjá lára ara wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí wá dojú kọ ara wọn láti fèrèsé sí fèrèsé, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbà lọ. Wọ́n wo ara wọn títí. Nígbà tó yá, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ orin, gbogbo wọn sì gbè é. Mi ò yára láti lu agogo pé kò sí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé mi níṣẹ́, ohun tí mo sọ lọ́kàn mi nìyẹn.

"Baba, ẹ má bínú sà, mo ní shift ní two o'clock."

Dáyọ̀, aago méjì ṣì jìnnà. Jókòó. Mo ti ń bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ lé mi níṣẹ́ lóòótọ́, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀. Irin bírékì kan wà lápá ọ̀tún kọ́ńdọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, o gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó o bá jù ú sílẹ̀, bírékì á gán ojú irin mú, nítorí pé wọ́n gbà pé ó ní láti jẹ́ pé kọ́ńdọ́ ti dákú. Ọwọ́ òsì ni àwọn kọ́ńdọ́ yòókù fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ kó tó wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, màmá àgbàlagbà kan sáré wọlé pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ ńlá. Aláwọ̀ dúdú ni, Màmá Dessa ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn ìsàlẹ̀, á kó aṣọ dọ̀tí gòkè, á kó èyí tó ti lọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ ti gbéra, a ti ń gòkè, ló bá na tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí mi. Ẹ wá sọ fún mi, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà níbí. Obìnrin tó dàgbà ju ìyá mi lọ na nǹkan sí mi, kí n fi ọwọ́ òsì gbà á?

"Ha! Rárá o, sà."

O ṣeun, Kọ́lá. Ilé ire lo ti wá. Èmi náà ò lè ṣe é. Mi ò tiẹ̀ ronú. Mo ju irin sílẹ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, mo tún tẹrí ba díẹ̀. Gbàù! Ọkọ̀ gán. Aṣọ fò jáde nínú agbọ̀n, pátá ìyàwó olówó kan kọ́ sórí fìlà bàbá kan. Nígbà tó sì jẹ́ pé okùn kan náà ló so wá pọ̀, ọkọ̀ kejì náà dúró láàárín òkè, pẹ̀lú gbogbo àwọn ọkùnrin tó ń sọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Òfin ni pé tí bírékì bá ti mú báyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ okùn wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó tú u. A rọ̀ síbẹ̀. A ń gbọ́ fèrè iléeṣẹ́ irin tó ń fọn pé ẹni tó bá pẹ́, ó ti pẹ́ nìyẹn. Wọ́n fi oríṣiríṣi èdè bú mi láti inú ọkọ̀ kejì. Mi ò gbọ́ ìdajì ẹ̀, ṣùgbọ́n èébú yé èèyàn ní gbogbo èdè.

Nígbà tí wọ́n tú bírékì tí a dé òkè, ọ̀gá pè mí. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ṣàlàyé fún un pé nílé wa, èèyàn kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá ẹ̀. Ó ní kí n bọ́ fìlà iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni Màmá Dessa, tó ṣì ń ṣa aṣọ ẹ̀ jọ, dìde dúró. Ó ní, "Láti ọdún tí mo ti ń wọ ọkọ̀ yìí, ọmọ yìí lẹni àkọ́kọ́ tó máa gba nǹkan lọ́wọ́ mi bí ẹni pé èèyàn ni mí. Tó bá lọ, gbogbo wa lókè yìí á máa fẹsẹ̀ rìn." Ọ̀gá ní kí n dé fìlà mi pa dà. Lọ́jọ́ kejì, màmá náà mú kọ́ọ̀pù tánganran kan wá láti ilé, ó fi okùn so ó mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Inú kọ́ọ̀pù yẹn ni gbogbo ẹni tó bá pẹ́ ń ju tíkẹ́ẹ̀tì sí. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kejì náà fi ní kọ́ọ̀pù tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún bi mí nípa ọwọ́ òsì títí wọ́n fi ti iṣẹ́ náà pa.

Wọ́n tì í pa, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn èèyàn ti ń ra mọ́tò. Àwọn wo ló ń ra mọ́tò? Màmá Dessa ò ra mọ́tò. A lọ sí ìpàdé, a dìde, a sọ̀rọ̀, a gbé páálí tí a kọ nǹkan sí lọ́wọ́. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ àlejò, tí wọ́n lè dá pa dà sílé, mo dúró síwájú. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù dáradára ní ká fara balẹ̀, ó ní nítorí ire wa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, gbogbo òkè wọ ọkọ̀, ọmọ ọwọ́, arúgbó, ajá yẹn náà. Bàbá ẹ́ńjìnnì ń gbọ́ agogo lọ́tùn-ún lósì, ẹnikẹ́ni ò ka iye ẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gé okùn náà. Mo gbọ́ ìró ẹ̀ nígbà tó já bọ́ sílẹ̀, mi ò fẹ́ máa ròyìn ẹ̀.

Ohun tó kù ni àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn pákó ni, ó gba ẹ̀gbẹ́ irin gòkè, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá. Ọ̀ọ́dúnrún, Fólúkẹ́, kì í ṣe mẹ́rìnlá. Màmá Dessa ò ṣíwọ́ iṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí mo bá ti kúrò ní ilé ìkàwé, màá gbé agbọ̀n ẹ̀ sọ̀kalẹ̀, màá gbé òmíràn gòkè. Ó máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ dè mí, á ní kí n wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá rí fèrèsé yẹn! Gbogbo odò, gbogbo afárá, gbogbo ilé tó wà lórí òkè ló hàn níbẹ̀. Ó mọ ilé tí èéfín ò jáde nínú ẹ̀ láàárọ̀, á sì rán ẹnì kan lọ wò ó bóyá ara wọn ò yá. Tí àwọn ọmọ bá ń ti ilé ìwé bọ̀, á yọrí síta, á pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń ní kò níṣẹ́ méjì mọ́. Mo rò ó lónìí, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Báyẹn la ṣe é fún òtútù méjì. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin kan ń gbé ní ìsàlẹ̀, níbi tó tẹ́jú. Ó ní yàrá kan sílẹ̀ fún un, kò sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀. Màmá kọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ni wọ́n bá wá bá mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi nìkan ló máa gbọ́. Mo lọ, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, mo jẹ oúnjẹ ẹ̀ tán, mo wá sọ fún un pé kó sọ̀kalẹ̀. Ó wò mí. Ó bi mí pé, "Ṣé nítorí mi ni, àbí nítorí ẹ?" Mo ní, "Nítorí yín ni, Mà." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Tó bá jẹ́ ìwọ ló sọ ọ́." Ọjọ́ Sátidé ni, bíi tòní. Èmi ni mo tú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Èmi ni mo gbé e sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún àtẹ̀gùn ó lé mọ́kànlá.

Ògiri bíríkì ni fèrèsé yàrá tuntun yẹn kọjú sí. Nígbàkigbà tí mo bá lọ kí i, á bi mí pé ta ló bímọ lókè, ta ni ara ẹ̀ ò yá, ṣé wọ́n ti tún òrùlé ilé báyìí ṣe. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Á kàn jókòó, á na ọwọ́ sí mi, á ní kí n kú iṣẹ́. Dókítà wò ó, kò rí àìsàn kankan. Kérésìmesì ò tíì dé tó fi kú. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò sọ fún ìyá ẹ, Fólúkẹ́, títí tó fi lọ.

Mo parọ́ fún un. Kì í ṣe nítorí ẹ̀. Ó rẹ̀ mí ni. Ìdánwò ń bọ̀, òtútù mú, agbọ̀n yẹn wúwo, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀, ká ní mo la ẹnu mi pé, "Màmá, ó rẹ̀ mí," ó máa rẹ́rìn-ín, á ní kí n máa wá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tàbí ká wá ẹlòmíràn kún un. A ò ní ṣàì rí i ṣe. Ṣùgbọ́n mo fi ire ẹ̀ bojú, ó sì gbà mí gbọ́ torí pé ó fẹ́ràn mi. Ojú ṣì ń tì mí. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú ṣì ń tì mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀, ẹ̀yin ọmọ yìí. Yàrá ẹ̀gbẹ́ gáréèjì yẹn, mo ti lọ jókòó síbẹ̀ nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé. Bíìnì ìdọ̀tí àti fẹ́ǹsì aládùúgbò, ohun tó wà níta fèrèsé ẹ̀ nìyẹn. Láti yàrá mi lókè, mo máa ń rí bọ́ọ̀sì ilé ìwé Tèmi títí yóò fi yí kọ́nà. Mo máa ń rí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní òdìkejì òpópónà, a máa ń juwọ́ síra wa, tí n kò bá rí i fún ọjọ́ méjì màá pe ọmọ ẹ̀. Àti ìwọ, Fólúkẹ́. Láàárọ̀, tó o bá ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ní hospital, kó o tó dé ìdí géètì ni mo ti rí mọ́tò ẹ. Mo máa ń wo bó o ṣe jókòó sínú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó o tó sọ̀kalẹ̀, tó o gbé orí lé sítíárì. O rò pé ẹnikẹ́ni ò rí ẹ.

Nítorí náà, wò mí lójú. Má sọ fún mi pé nítorí mi ni.

"Daddy, ẹ̀rù yín ń bà mí. Tí mo bá sùn lọ́sàn-án, etí mi máa wà lórí stairs yẹn, mi kì í sùn dáadáa. Every small noise, màá ti dìde. Daddy, ó rẹ̀ mí. Ó ti rẹ̀ mí gan-an."

Ẹ̀hẹ́n. O ṣé, ọmọ mi. Sunkún, kò burú. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Bó o ṣe sọ ọ́ yìí, ó ti ní ohun tí a lè ṣe sí i. Tó o bá ń sùn lọ́sàn-án, mi ò ní sún mọ́ àtẹ̀gùn. Mo ṣèlérí fún ẹ lójú àwọn èèyàn yìí. Tèmi ló máa gbé oúnjẹ mi wá sókè tó bá ti ilé ìwé dé, tó bá gbàgbé, màá pè é lórí fóònù tí kì í gbé sílẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì, ẹ ti gbé irinṣẹ́ wá, ẹ má gbé e lọ lásán. Ọwọ́ ìdìmú wà ní ẹ̀gbẹ́ kan àtẹ̀gùn, ẹ lọ ra òmíràn, ẹ wá kàn án mọ́ ògiri kejì. Dáyọ̀, lọ síbi iṣẹ́ ẹ, o lè wá kàn án ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Tábìlì kékeré dáradára tí Fólúkẹ́ rà sí yàrá ìsàlẹ̀, Kọ́lá, gbé e gòkè fún mi, mo fẹ́ràn ẹ̀.

Ó yá, mo fẹ́ lọ sinmi. Mi ò wọ ìbọ̀sẹ̀ lónìí. Fólúkẹ́, nu ojú ẹ, bọ́ sẹ́yìn mi. Fi ọwọ́ méjèèjì dì mí mú níbàdí, kó o dì í dáadáa. Mi ò sọ rí pé kó o má dì mí mú. Òkè la jọ ń lọ.